Ìyá ọkọ mi ní àrùn ìgbàgbé: ìrànlọ́wọ́ wo ni ìjọba Ìlú Ọba ní fún èmi tí mò ń tọ́jú wọn?

Ìyàwó Ilé, gúúsù London

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Ìyá ọkọ mi ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì ń gbé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti di ọmọ onílùú níbí, iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé ìwòsàn ni wọ́n sì ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Àwọn dókítà ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn ìgbàgbé ló ń ṣe wọ́n. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Yorùbá nìkan ló kù lẹ́nu wọn, pàápàá bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Bí ó bá di òru, wọn a dìde, wọn a wá gèlè wọn, wọn a wé e dáadáa, wọn a sì lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà pé Ọjà-Ọba ti ń ná, kí n wá gbé igbá rù wọ́n. Kí n tó fi oríkì tù wọ́n nínú, kí n sì mú wọn padà sórí ibùsùn, oorun ti dá lójú mi, bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ wà ní ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní àárọ̀ kùtù. Ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì, ìgbà mìíràn òru ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń bọ́ sí.

Mo fẹ́ràn ìyá yìí. Àwọn ni wọ́n wẹ àwọn ọmọ mi, n kò sì wá ọ̀nà láti yẹra fún wọn. Ohun tí mo ń wá ni bí mo ṣe lè fi ọ̀sẹ̀ kan sùn, kí ara mi padà bọ̀ sípò, láìjẹ́ pé màmá jìyà. Mo gbọ́ pé ìjọba ní ètò kan fún àwọn tó ń tọ́jú ẹbí wọn nílé, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀. Ṣé owó wà níbẹ̀? Bí màmá bá lọ sí ilé ìtọ́jú fún ọ̀sẹ̀ kan, ta ni yóò gbọ́ èdè wọn? Àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń sọ pé a kì í gbé ìyá ẹni lọ sí ilé àwọn arúgbó, pé bí a bá jẹ́ kí káńsù mọ̀ sí i, wọn yóò gba ilé wa. Ẹnì kan nínú wọn tiẹ̀ dábàá pé kí a kó màmá padà sí Ìbàdàn. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà, kí ó jọ̀wọ́ là mí lọ́yẹ̀.

Àgbà Òṣìṣẹ́, ti fẹ̀yìn tì

Arábìnrin wa, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ̀ka tó ń rí sí ìtọ́jú àwọn àgbà ní káńsù kan ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ dì mú ni pé òfin rí ẹ̀yin fúnra yín, kì í ṣe màmá nìkan. Òfin tí wọ́n ń pè ní Care Act 2014, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England ní oṣù April 2015, sọ ọ́ di dandan fún káńsù láti ṣe àyẹ̀wò fún ẹnikẹ́ni tó ń tọ́jú àgbàlagbà, bí ó bá ti hàn pé olùtọ́jú náà lè nílò ìrànlọ́wọ́. Carer's assessment ni wọ́n ń pè é. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, wọn kì í sì í wo iye tí ẹ ní ní báǹkì kí wọ́n tó ṣe é. Kí òfin yìí tó dé, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ìtọ́jú tí ènìyàn ń ṣe pọ̀ gan-an, tí ó ń ṣe é déédéé, tí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè. Òfin yìí ti mú ìdènà wọ̀nyẹn kúrò.

Ìbéèrè kan wà nínú àyẹ̀wò náà tí ó máa ń ṣòro fún àwọn ènìyàn wa láti dáhùn: ṣé ẹ lè máa bá ìtọ́jú yìí lọ, ṣé ẹ sì fẹ́ láti máa bá a lọ bí ó ṣe wà yìí? Mo ti jókòó ní pálọ̀ àwọn ará wa púpọ̀, tí ojú ìyàwó ilé ti wọnú, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ó ṣe ń gbé tíì kalẹ̀ fún mi, síbẹ̀ tí yóò máa sọ pé, "A dúpẹ́, kò sí wàhálà." Bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀ wá yóò ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, pé kò sí wàhálà, ìwé náà yóò sì padà sí ọ́fíìsì láìsí ìrànlọ́wọ́ kankan nínú rẹ̀. Ìdáhùn ọmọlúàbí ni ìyẹn jẹ́ fún ẹni tó kí ni lójú ọ̀nà. Ẹ má lò ó níbi àyẹ̀wò.

Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ mú ìwé kan, kí ẹ máa kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóru sínú rẹ̀: aago tí màmá jí, ohun tí wọ́n ṣe, ìgbà tí ẹ tún rí oorun sùn, àti bí ara yín ṣe rí níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ gèlè àti ẹnu ọ̀nà tí ẹ sọ yẹn, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ ṣe kọ ọ́, nítorí pé àgbàlagbà tó ń fẹ́ jáde sí títì lóru nínú òtútù jẹ́ ohun ewu tí káńsù kò gbọdọ̀ fojú fò. Ẹ ní kí wọ́n bá ẹ̀yin nìkan sọ̀rọ̀, ní ibi tí màmá kò ti ní gbọ́, kí ẹ má baà máa fi ọ̀rọ̀ pamọ́ nítorí ọ̀wọ̀. Kí wọ́n ṣe ti màmá náà lọ́tọ̀.

Oríṣi ìsinmi tó wà pọ̀. Olùtọ́jú lè wá jókòó ti màmá nílé fún wákàtí díẹ̀, kódà lóru ní àwọn ibòmíràn; màmá lè máa lọ sí ibi tí àwọn àgbà ti ń pàdé lọ́sàn-án; wọ́n sì lè gbà wọ́n sí ilé ìtọ́jú fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Nítorí pé màmá ni wọ́n ń tọ́jú nígbà tí ẹ̀yin ń sinmi, lábẹ́ orúkọ màmá ni òfin ka ètò náà sí, owó tiwọn ni káńsù yóò sì yẹ̀ wò, kì í ṣe owó yín. Ní England, bí owó tí wọ́n fi pamọ́ bá ju £23,250 lọ, àwọn fúnra wọn ni yóò san gbogbo rẹ̀. Bí kò bá tó £14,250, káńsù kò ní ka owó ìpamọ́ náà rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè ní kí màmá mú díẹ̀ wá nínú owó ìfẹ̀yìntì wọn.

Ní ti ilé, ẹ fọkàn balẹ̀. Ilé tó jẹ́ ti ẹ̀yin àti ọkọ yín kò sí lára ohun ìní màmá. Kódà ká ní orúkọ màmá ló wà lórí rẹ̀, wọn kì í ka ilé ẹni tó lọ fún ìgbà díẹ̀ tó sì ń padà bọ̀. Ó dùn mí púpọ̀ pé ìbẹ̀rù yìí ló ń dí ọ̀pọ̀ ìdílé wa lọ́wọ́ láti béèrè ohun tó tọ́ sí wọn.

Ẹ tún lè ní kí káńsù gbé owó ìtọ́jú náà lé yín lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní direct payment, kí ẹ fi gba olùtọ́jú tó gbọ́ Yorùbá. Kò wọ́pọ̀ kí wọ́n gbà kí ẹ fi san ìbátan tó sún mọ́ni tó sì ń gbé inú ilé kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti ìta wá kò ní ìṣòro.

Ọmọ Bàbá, Leeds

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ owó tó ń ti ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ wá kún un, nítorí bàbá mi ni èmi náà ń tọ́jú.

Màmá ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè fún, kì í ṣe ara yín. Orúkọ owó náà ni Attendance Allowance, ẹni tó ti pé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì tí àìsàn sì ti mú kí ó nílò ìtọ́jú fún oṣù mẹ́fà ni ó wà fún, wọn kì í sì í wo owó tí ẹni náà ní. Ní ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní April 2025, £73.90 lọ́sẹ̀ ni fún ẹni tó nílò ìtọ́jú lọ́sàn-án tàbí lóru, £110.40 sì ni fún ẹni tó nílò rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ìwé òru tí ẹ̀gbọ́n ní kí ẹ máa kọ yẹn yóò wúlò níhìn-ín pẹ̀lú, nítorí òun ló máa fi hàn pé ti tọ̀sán-tòru ni ti màmá.

Nígbà tí èyí bá ti bọ́ sí i, ẹ̀yin náà lè béèrè Carer's Allowance. Ní ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní April 2025, £83.30 lọ́sẹ̀ ni, fún ẹni tó ń fi wákàtí 35 ó kéré tán tọ́jú ẹnì kan lọ́sẹ̀, tí owó iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn owó orí kò sì ju £196 lọ. Ẹ ṣọ́ra fún ààlà owó iṣẹ́ yìí gidigidi. Bí ẹ bá fi pẹ́nì kan ṣoṣo kọjá rẹ̀, gbogbo owó ọ̀sẹ̀ náà ni ẹ pàdánù, kì í ṣe pẹ́nì kan yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe àfikún wákàtí níbi iṣẹ́ láìmọ̀, wọ́n ń gbowó lọ títí, lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni ìjọba wá ń ní kí wọ́n dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn padà. Ariwo ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi yan Liz Sayce ní October 2024 láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwà ìkà ni mo ka ètò tó ń fìyà jẹ ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí bẹ́ẹ̀ sí. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ bá ní kí ẹ fi wákàtí kún un, ẹ ṣírò kí ẹ tó dáhùn, bí nǹkan bá sì yí padà, ẹ sọ fún wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìyàwó ilé mọ̀ pé nígbà tí owó yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1976, lábẹ́ orúkọ mìíràn, òfin yọ obìnrin tó wà nílé ọkọ sílẹ̀, bí ẹni pé ojúṣe rẹ̀ nílé ni. Obìnrin kan, Jackie Drake, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́jú ìyá rẹ̀, ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ títí dé ti ilẹ̀ Yúróòpù, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dá a láre ní 1986.

Ní ti ìsinmi tí ẹ ń wá gan-an: owó yín kò ní dúró bí ẹ bá sinmi. Òfin fún olùtọ́jú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀ 26 láti fi sinmi. Ọjọ́ tí màmá fi wà ní ilé ìtọ́jú ni kí ẹ máa kà, nítorí bí ó bá jẹ́ pé káńsù ló ń san owó ilé ìtọ́jú, Attendance Allowance wọn yóò dúró lẹ́yìn ọjọ́ 28, bí àlàfo tó wà láàárín ìlọ kan àti èkejì kò bá sì ju ọjọ́ 28 lọ, wọn yóò pa ọjọ́ méjèèjì pọ̀. Bí tiwọn bá dúró, tiyín náà yóò dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á tí òbí yín kò tíì ní ìwé ìgbé ayé títí lọ, ẹ fara balẹ̀. Ẹni tí ìwé ìwọ̀lú rẹ̀ kọ̀ fún un láti gba owó ìjọba kò gbọdọ̀ béèrè owó méjèèjì yìí. Àyẹ̀wò àti ìtọ́jú láti ọ̀dọ̀ káńsù kò sí nínú ohun tí òfin ìwọ̀lú ń pè bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ẹ kọ́kọ́ bá agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú sọ̀rọ̀.

Ìyá Àgbà, Manchester

Ìyàwó wa, ọkàn mi wà lọ́dọ̀ rẹ. Bi àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ pé òru wo ni wọn yóò wá gbà lọ́wọ́ rẹ. Nílé wa, agbo ilé ló ń tọ́jú arúgbó: ìyàwó ilé bíi mẹ́rin, àwọn ọmọ-ọmọ, ẹni tó ń gbé yàrá kejì. Bí ẹnì kan bá sùn, ẹlòmíràn yóò jí. Ìwọ nìkan ni wọ́n wá fẹ́ fi dípò gbogbo wọn, nínú fúláàtì, ní ìlú òtútù. Àwọn tó wà ní ìtòsí lára wọn lè gba òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù, kí wọ́n sì wá sùn tì wọ́n fúnra wọn. Ẹni tó bá ti rí òru kan kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn mọ́.

Ọkọ mi lọ sí ilé ìtọ́jú fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó di olóògbé, ìbéèrè rẹ nípa èdè sì jẹ́ ìbéèrè ọlọgbọ́n. Nígbà tí mo lọ wò ó, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ń sọ pé "òùngbẹ ń gbẹ mí", àwọn òṣìṣẹ́ sì rò pé ó kàn ń dá sọ̀rọ̀ ni. Wọn kì í ṣe ènìyàn búburú, wọn kò gbọ́ ọ ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ya páálí kan, mo kọ ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ sí i lọ́nà tí ẹnu òyìnbó fi lè pè é: omi, òùngbẹ, ìtọ̀, ó ń dùn mí, ó tó, òtútù ń mú mi. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Bàbá ni kí wọ́n máa pè é, kí ọmọdé má pe orúkọ rẹ̀ gán-án, nítorí bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ a bàjẹ́, kò sì ní jẹun. Mo ka oríkì rẹ̀ sínú fóònù, òṣìṣẹ́ òru a sì máa tẹ̀ ẹ́ fún un nígbà tí ó bá dìde. Ọ̀rọ̀ yìí ṣiṣẹ́ ju oògùn oorun lọ.

Ẹgbẹ́ Alzheimer's Society ní ìwé pélébé kan, This is me, tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, tí o lè kọ gbogbo èyí sí. Àwọn nọ́ọ̀sì kan náà wà tí wọ́n ń pè ní Admiral Nurses, lábẹ́ ẹgbẹ́ Dementia UK, iṣẹ́ wọn ni láti dúró ti ìdílé tó ń tọ́jú aláàrùn ìgbàgbé. O lè bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìsanwó. Má sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan. Kọ́kọ́ mú màmá lọ jẹun ọ̀sán níbẹ̀, kí o jókòó tì wọ́n. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n sùn níbẹ̀ ní òru kan tàbí méjì. Kí aṣọ ìbora wọn àti gèlè wọn bá wọn lọ. Ọbẹ̀, o lè sè é, kí o bù ú sínú ike kéékèèké, bí ilé náà bá gbà.

Nọ́ọ̀sì, Ìbàdàn

Ẹ kú àárọ̀ láti Ìbàdàn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí kíkó màmá padà wálé, nítorí mo máa ń rí irú wọn. Ìtọ́jú ìṣègùn wà: UCH ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, Chief Tony Anenih Geriatric Centre, tí wọ́n ṣí ní 2012. Ohun tí kò sí ní ilé ni owó tàbí ìsinmi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń ṣe ìtọ́jú. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn àgbà ní ₦5,000 lóṣooṣù ní 2011, nígbà Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, inú ọ̀pọ̀ dùn, ṣùgbọ́n arúgbó ni wọ́n ń fún, kò sí ẹni tó ronú kan ọmọ tàbí ìyàwó tó ń wẹ̀ ẹ́. Olùtọ́jú tí ẹ máa fi owó gbà ni màmá yóò máa bá gbé, ẹ̀yin ni yóò sì máa sanwó rẹ̀ láti London.

Ẹ tún mọ̀ pé owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba Ìlú Ọba ń san kì í lọ sókè fún ẹni tó bá ń gbé Nàìjíríà. Iye tó wà ní ọjọ́ tí ó kúrò ni yóò máa gbà lọ. Attendance Allowance yóò dúró pátápátá bí wọ́n bá ti kó wálé. Bí ó bá jẹ́ àbẹ̀wò ni, èyí tí kò ju ọ̀sẹ̀ 13 lọ, wọ́n ṣì lè máa gbà á. Àti pé ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń lọ, ilé tí màmá ń wá lóru yẹn kì í ṣe ilé tí wọn yóò bá níbí. Ọjà-Ọba tí wọ́n mọ̀ ti yí padà, àwọn tí wọ́n jọ ná an kò sí mọ́.

Ìyàwó Ilé, gúúsù London

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí ọkọ mi létí. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé òun náà lè gba ààyè níbi iṣẹ́, ṣé àwa méjèèjì sì lè béèrè owó náà?

Àgbà Òṣìṣẹ́, ti fẹ̀yìn tì

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gba Carer's Allowance lórí màmá. Owó awakọ̀ bọ́ọ̀sì yóò ti kọjá ààlà owó iṣẹ́ yẹn, nítorí náà ẹ̀yin ni kí ẹ béèrè rẹ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé tiyín náà kọjá, ẹ béèrè Carer's Credit, èyí tí kì í fún ni lówó ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí àlàfo wà nínú àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì ẹni. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni ó ń fẹ́.

Àyẹ̀wò káńsù yàtọ̀, ọkọ yín lè béèrè tirẹ̀, ó sì yẹ kí ó béèrè. Níbi iṣẹ́, òfin Carer's Leave Act 2023, tó bẹ̀rẹ̀ ní 6 April 2024, fún un ní ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún láti fi tọ́jú màmá, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́. Wọn kò ní sanwó fún un, ó sì lè gbà á ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tàbí ìdajì ọjọ́. Ọ̀gá lè ní kí ó sún un síwájú, ṣùgbọ́n kò lè kọ̀ ọ́. Ẹ̀yin náà ní irú ẹ̀tọ́ yìí níbi iṣẹ́ tiyín.

Ní ọ̀la, ẹ pe káńsù yín, ẹ béèrè ẹ̀ka adult social care, ẹ sọ pé olùtọ́jú ni yín, ẹ sì fẹ́ carer's assessment. Ẹ gba orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn, kí ẹ sì fi ìwé ránṣẹ́ tẹ̀lé e lórí ímeèlì ní ọjọ́ náà gan-an, kí ọjọ́ tí ẹ béèrè lè wà lákọsílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sọ fún dókítà GP tiyín, kì í ṣe ti màmá nìkan, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì yín pé ẹ̀ ń tọ́jú aláìsàn nílé àti pé ẹ kì í rí oorun sùn.